La Rochelle ní ilẹ̀ Faransé: ìmọ̀ràn lórí ìtàn èbúté náà àti ohun tó yẹ ní wíwò níbẹ̀

Arìnrìnàjò Peckham

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ní ìparí oṣù kẹjọ, èmi àti ìyá mi tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 13, fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin ní La Rochelle, ìlú èbúté tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, létí Òkun Àtìláńtíìkì. Gbogbo ohun tí mo rí nípa rẹ̀ kò ju àwòrán ilé ìṣọ́ méjì tó dojú kọ ara wọn lẹ́nu omi lọ. Eékún ń yọ ìyá mi lẹ́nu, kò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, bí kò bá sì gbọ́ ìtàn ibi tó lọ, bí ẹni tí kò lọ ni. Ẹni tó bá mọ ìlú náà dáadáa, kí ó jọ̀ọ́ sọ fún mi ibi tó yẹ kí a dé, ibi tí a lè fò, àti ìtàn tí mo fi lè máa dáhùn ìbéèrè Màmá.

Ìyá Nantes

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, àbúrò mi. Nantes ni mò ń gbé láti ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ti mú àlejò lọ sí La Rochelle ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Bí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà Schengen, nítorí pé ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba nìkan kò tó láti wọ ilẹ̀ Faransé.

Ẹ má gbé mọ́tò wọ inú ìlú náà. Ẹ wọ rélùwéè ní ibùdó Montparnasse ní Paris. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni, bí ẹ bá sì ti jáde ní ibùdó La Rochelle tí ilé agogo gíga wà lórí rẹ̀, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn dé èbúté àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Vieux-Port, láìpẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú yìí ti ń dín mọ́tò kù láàárín ìlú wọn. Ní ọdún 1976, nígbà tí Michel Crépeau jẹ́ mẹ́yọ̀, wọ́n kó kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè síta fún ará ìlú láti máa gùn, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1997 sì ni wọ́n ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ àárín ìlú, àṣà tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Yúróòpù wá kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ní ti Màmá, ọkàn yín balẹ̀. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀pọ̀ òpópónà àtijọ́ rẹ̀, bíi Rue du Palais àti Rue du Minage, ló sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta ní ẹ̀gbẹ́, tí ilé òkè bò lórí, tí àwọn oníṣòwò ń pàtẹ sí láti ayébáyé. Abẹ́ rẹ̀ ni kí Màmá máa gbà, oòrùn kò ní pa á, òjò kò ní pa á. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná máa ń kó èrò láti èbúté àtijọ́ lọ sí Les Minimes, níbi tí ọkọ̀ onígbòkun tó lé ní 4000 ti máa ń gúnlẹ̀ sí. Ìrìn náà kò gùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ẹ ti máa rí bí ìlú náà ṣe rí láti ojú òkun wá, bí àwọn awakọ̀ òkun ìgbàanì ṣe rí i.

Àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn Aquarium, ilé ẹja ńlá tó wà lẹ́bàá èbúté, níbi tí ẹja àti ẹ̀dá omi tó tó 12000 wà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí èrò oṣù kẹjọ kì í ṣe kékeré.

Òǹkàwé Ìtàn, Ìbàdàn

Mo kẹ́kọ̀ọ́ ní Poitiers nígbà kan rí, La Rochelle sì ni a máa ń sá lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí n sọ ìtàn àwọn ilé ìṣọ́ náà, kí àwọn ọmọ má kàn dúró ya fọ́tò níwájú wọn.

Iyọ̀ àti wáìnì ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ìlú olówó. Ní ọdún 1199, Ayaba Aliénor ti Aquitaine fún wọn ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa ṣàkóso ara wọn, èyí sì mú kí La Rochelle wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ ní mẹ́yọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀mí "a kì í fi agbára mú wa" ti wọ àwọn ará ibẹ̀ lára. Abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà nígbà náà, ọba Faransé gbà á ní 1224, ó tún padà sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1360, kí ó tó di ti Faransé pátápátá ní 1372. Nínú gbogbo èyí, owó ọjà àti òmìnira wọn ni wọ́n ń dì mú.

Ilé ìṣọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tour Saint-Nicolas àti Tour de la Chaîne ni ó dúró sí apá ọ̀tún àti òsì ẹnu èbúté. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á na ẹ̀wọ̀n irin láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì kí ọkọ̀ ọ̀tá má baà rápálá wọlé. Bí ẹ bá wo Saint-Nicolas dáadáa, ẹ ó rí i pé ó dagun díẹ̀, nítorí pé inú ẹrẹ̀ ni wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta, Tour de la Lanterne, jẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ fún ọkọ̀ òkun, ó sì tún di ẹ̀wọ̀n. Lára ògiri rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbẹ́, Gẹ̀ẹ́sì, ará Spéìn, ará Holland, tí wọ́n kó nígbà ogun ojú omi. Àwòrán ọkọ̀ òkun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun mìíràn ní ìlú náà lọ: ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń gbẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé.

Wàyí o, ìtàn tí wọn kò jẹ́ gbàgbé láéláé ni ti ìdótì. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọ̀pọ̀ jù lọ ará La Rochelle ya kúrò nínú ìjọ Àgùdà, wọ́n di Pùròtẹ́sítáǹtì. Ní ọdún 1627, Ọba Louis XIII àti olórí ìjọba rẹ̀, Kádínà Richelieu, kó ogun dó ti ìlú náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé láti ojú òkun ni oúnjẹ àti ìrànwọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gbà wọlé, wọ́n ri ọkọ̀ àti òkúta sínú omi, wọ́n fi mọ odi tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀ la ẹnu òkun náà já. Jean Guiton, mẹ́yọ̀ ìlú náà, kọ̀ láti juwọ́ sílẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé ó gbé ọ̀bẹ ogun lé orí tábìlì, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé kí a túúbá, òun yóò gún un. Ebi ló ṣẹ́gun wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 14, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1628, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nínú ènìyàn tó lé ní 20000 tó wà ní ìlú náà, nǹkan bíi 5000 ló ṣẹ́kù. Ọba wó odi ìlú náà palẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àwọn ilé ìṣọ́ tó kọjú sí òkun sílẹ̀. Ìdí tí ẹ fi rí wọn lónìí nìyẹn.

Ère Guiton wà níwájú Hôtel de Ville, ilé ìjọba ìlú wọn. Iná ńlá kan jó ilé náà ní oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n sì tún un ṣe títí tí wọ́n fi tún ṣí i ní ìparí ọdún 2019. Iṣẹ́ ọnà ara ògiri rẹ̀ dára púpọ̀.

Àtẹ̀gùn inú àwọn ilé ìṣọ́ náà há, ó sì ń yí po bí ìkarahun ìgbín, nítorí náà kí Màmá jókòó sí Cours des Dames nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí lẹ́bàá omi, kí ẹnì kan dúró tì í. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tó bá bá òbí rẹ̀ wá kì í sanwó.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, mo ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú kọ, òtítọ́ ni wọ́n sì sọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò sí ẹni tó tíì béèrè ibi tí owó tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé olókùúta funfun yẹn ti wá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, Porto-Novo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mo kọ́ni ní ìtàn níbẹ̀ fún ọdún 34, n kò sì lè dákẹ́.

Lẹ́yìn ìdótì, La Rochelle gbára lé òkun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ wọn ń lọ sí Kánádà fún awọ ẹran onírun, wọ́n sì ń lọ sí àwọn erékùṣù Karibéánì fún ṣúgà, kọfí àti aró. Àwọn tó ń gbin ìrèké yẹn kì í ṣe ará Faransé. Ó lé ní irínwó ìrìn tí ọkọ̀ La Rochelle rìn láti kó ẹrú, Nantes àti àwọn èbúté ńlá bí i mélòó kan nìkan ló sì wà ní ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òwò náà. Aṣọ, ìbọn, owó ẹyọ àti ọtí líle tí wọ́n ń pọn ní ẹkùn Charente tó wà lẹ́yìn ìlú náà ni wọ́n kó wá sí etíkun wa. Ouidah, níbi tí àwọn Faransé ní odi ogun sí, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ra ènìyàn. Saint-Domingue, tí a mọ̀ sí Háítì báyìí, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Àwọn tó ń sọ èdè wa tí wọ́n dé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Nàgó, títí di òní olónìí sì ni àwọn ará Háítì ń bọ Ògún nínú agbo tó ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ lọ sí Musée du Nouveau Monde ní Rue Fleuriau. Ilé olówó kan ni tẹ́lẹ̀, ilé Aimé-Benjamin Fleuriau, ẹni tó ní oko ìrèké ní Saint-Domingue tó sì kó ọrọ̀ rẹ̀ padà wá sí ìlú rẹ̀. Ó bímọ fún obìnrin aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀, ó sì mú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà wá sí La Rochelle, èyí tó fi hàn pé àwọn ènìyàn bíi tiwa ti rìn ní òpópónà yẹn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Láti ọdún 1982 ni ìlú náà ti sọ ilé yìí di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Máàpù, àwòrán, ìwé òwò, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nínú àgbàlá rẹ̀ ni ère Toussaint Louverture wà, tí Ousmane Sow, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, mọ, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Ẹrú ni wọ́n bí Toussaint sí, òun ló sì ṣáájú ìjà òmìnira ní Saint-Domingue. Àwọn Faransé mú un ní 1802, ó sì kú sí ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ní oṣù kẹrin ọdún 1803, oṣù díẹ̀ kí Háítì tó gba òmìnira. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ sọ pé Allada ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, wọ́n sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní Allada lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Mú ìyá rẹ dé iwájú ère yẹn, kí o sì jẹ́ kí ó jókòó.

Arìnrìnàjò Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. N kò mọ ìkankan nínú èyí. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi: ṣé ó yẹ kí ọmọ ọdún 9 wo irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ìyá Nantes

Àwọn ọmọ mi lọ nígbà tí èyí àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 8. Kò sí àwòrán ẹ̀jẹ̀ tó máa lé oorun lọ lójú ọmọ. Ohun tó le ni àlàyé, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú rẹ̀, àgbàlagbà ló sì ní láti máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ nígbà tí orí wọn ṣì fúyẹ́, kí ẹ lo wákàtí kan ààbọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ mú wọn lọ sí Muséum d'Histoire naturelle, tó wà ní ìlú kan náà. Àgùfọn kan wà níbẹ̀ tí Muhammad Ali, alákòóso Íjíbítì, fi ta Ọba Charles X lọ́rẹ. Ní ọdún 1827, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mú un rìn láti Marseille dé Paris, tí gbogbo ìlú ń tú síta láti wò ó. Nígbà tí ó kú ni wọ́n fi oògùn tọ́jú ara rẹ̀, ó sì wá di ti La Rochelle. Ó ṣì nàró lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá Nantes sọ. Kí ẹ̀yin òbí kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọmọ nílé, ní èdè tiyín, kí ó má jẹ́ pé lára ògiri ilé àjèjì ni yóò ti kọ́kọ́ kà á.

Ọmọ Èbúté, Àpápá

Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni mò ń ṣe, mo sì ti bá ọkọ̀ ẹrù gúnlẹ̀ sí La Pallice, èbúté ńlá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, nítorí pé ọkọ̀ ńlá kò lè wọ èbúté àtijọ́. Ẹ ó rí ilé kọnkéré ràgàjì kan níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1941 fún ọkọ̀ ogun abẹ́ omi wọn. Ọ̀gágun ojú omi Jámánì tó wà níbẹ̀, Schirlitz, bá Meyer, ọ̀gágun ojú omi Faransé, ṣe àdéhùn pé òun kò ní ba èbúté jẹ́, pé àwọn Faransé náà kò ní kọlu ìlú. Ìdí nìyẹn tí èbúté àtijọ́ fi wà láìfọ́ nígbà tí wọ́n gba ìlú náà sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí ọ̀pọ̀ èbúté mìíràn ní etíkun yẹn ti di àlàpà.

Ẹ ṣọ́ òkun o. Omi ibẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń fà gidigidi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ẹ bá dé etíkun nígbà tí omi ti fà, ẹrẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò bá. Ẹ béèrè ìwé àkókò omi ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìnàjò lẹ́bàá èbúté, wọn yóò fún yín.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Île de Ré. Bọ́ọ̀sì máa ń lọ láti ìlú, ó sì máa gba orí afárá tí wọ́n ṣí ní 1988, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Saint-Martin-de-Ré, odi tí Vauban, ẹni tó ń ya àwòrán odi ogun fún ọba Faransé, kọ́ yí i ká, tó wà nínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2008. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń sé omi òkun sínú kòtò tí oòrùn fi ń sọ ọ́ di iyọ̀, ẹ ó sì rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n wọ ṣòkòtò fún, nítorí pé láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń fi bẹ́ẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Ní ti Fort Boyard, odi ogun àárín òkun tí àwọn ọmọ lè ti rí nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ máa ń gbé èèyàn yí i po ni, a kì í wọ inú rẹ̀. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹ fò ó.

Alásè Ẹja, Tottenham

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má padà wálé láìjẹ mouclade. Moules ni wọ́n ń pe ẹran kékeré tó wà nínú karawun dúdú, wọ́n á sè é, wọ́n á fi wàrà ọ̀rá, wáìnì funfun àti ata kọ́rì díẹ̀ ṣe ọbẹ̀ lé e lórí. Ẹ ronú sí kọ́rì yẹn: ọkọ̀ òkun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Huîtres, ẹran òkun mìíràn tó ń gbé inú karawun, tún wà, tí wọ́n ń jẹ ní tútù pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń sìn ní Marennes-Oléron kò sì jìnnà síbẹ̀. N kì í fún arúgbó tàbí ọmọdé ní ti tútù. Kí wọ́n jẹ èyí tí iná ti kàn. Ẹ lọ sí ọjà inú ilé, Marché central, ní òwúrọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹja ibẹ̀ ṣì ń dán.

Arìnrìnàjò Peckham

A ti dé o, mo sì ní kí n kọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní, a lo gbogbo ọ̀sán ní èbúté àtijọ́ àti abẹ́ àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kejì, Rue Fleuriau ní òwúrọ̀, àgùfọn ní ọ̀sán. Ọjọ́ kẹta, Île de Ré. Ọjọ́ kẹrin, ọjà, ilé ìṣọ́, Aquarium. Bí mo bá tún lọ, n ó yọ Aquarium sí ọjọ́ òjò, nítorí pé èrò pọ̀ jù níbẹ̀, n ó sì wo ọjọ́ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń tì kí n tó ṣètò, nítorí ó yàtọ̀ síra wọn.

Màmá kò gun ilé ìṣọ́ kankan. Ọmọ mi àgbà ló gun Tour de la Lanterne, ó ya fọ́tò gbogbo ọkọ̀ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbẹ́ sára ògiri, ó sì kó o wá fún un nísàlẹ̀. Ní Rue Fleuriau, Màmá jókòó sí àgbàlá bí Bàbá Olùkọ́ ṣe ní kó ṣe. Ó pe àwọn ọmọ méjèèjì, ó sọ ìtàn Toussaint fún wọn ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó dé orí Nàgó, èyí àbúrò ní, "Màmá àgbà, ṣé àwa nìyẹn?" Ó ní àwa ni. Ní ọjọ́ kẹrin, kí a tó wọ rélùwéè, ó ní kí a tún mú òun padà síbẹ̀.